Ọ̀rọ̀ Ọlọ́rọ̀, Orúkọ Ìwé: Ìkéde Àwa Òǹkọ̀wé Yorùbá ní Chicago

Òkú ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó kó ìwé ètò ìsìnkú dé láti ilé ìtẹ̀wé. Mo já páálí, mo fa ẹ̀dà kan yọ, ohun tí mo rí lójú ewé àkọ́kọ́, ní lẹ́tà gàdàgbà lábẹ́ àwòrán ìyá, ni “Àb??k??.” Ẹ̀rọ wọn kò mọ ẹ tó ní àmì lábẹ́, kò sì mọ àmì ohùn orí rẹ̀, àmì ìbéèrè méjì méjì ló fi dípò wọn. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí wọ́n bẹ̀ kí wọ́n tó rí i kẹ́, ló wá di ìbéèrè lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn lókè eèpẹ̀. Àwa mẹ́fà wá bírò, a jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn, a ń tún orúkọ náà kọ lẹ́dà kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi dá orin sílẹ̀.

Àṣìṣe kejì kò ṣeé fi bírò tún ṣe. Lójú ewé kẹta, nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn kan kà báyìí: My mother said I should not sell the land. Ohun tí ìyá sọ ni pé òun, ìyá, kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ tí bàbá òun fi sílẹ̀. Bí ìwé ṣe gbé e, ọmọ ni wọ́n kà á léèwọ̀ fún. Kí a tó jẹun tán níbi àsè, àwọn ọmọ ìyá ti ń bi ara wọn pé ìgbà wo ni màámi fi ilẹ̀ lé ẹnì kan lọ́wọ́, tó fi jẹ́ òun nìkan ni wọ́n ń kìlọ̀ fún. Kọ́mà kan àti àmì àyọlò ì bá ti parí gbogbo rẹ̀: My mother said, “I should not sell the land.” Èmi ni mo ka ìwé náà kẹ́yìn kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé. Mo rí gbólóhùn yẹn, mo sì fò ó.

Ìdí tí mo fi fò ó ni mo ń rò láti ìgbà náà, òun ló sì bí ìkéde yìí. Ká ní Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sẹ́ni tí ì bá ṣì í gbọ́. “Ìyá mi ní òun kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ náà”: ìyá ni. “Ìyá mi ní n kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ náà”: ọmọ ni. Bí a bá ní “Adé ní ó ń bọ̀,” ẹlòmíràn ló ń bọ̀. Bí a bá ní “Adé ní òun ń bọ̀,” Adé fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, “òun,” ló ń sọ fún wa ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde wá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní in. Orúkọ kan náà, he, ni wọ́n ń pe Adé àti ẹlòmíràn, wọ́n á sì fi òǹkàwé sílẹ̀ kó máa wá ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ohun tí wọ́n fi dí àlàfo náà lórí ìwé ni àmì àyọlò. Àwa tí “òun” ti ń bá ṣiṣẹ́ yìí láti ìgbà tí a ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ kì í tètè rí i pé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ láti ṣe. À ń kọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé “òun” ṣì wà lẹ́nu wa.

A kéde rẹ̀ lónìí: nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a bá kọ, àmì àyọlò ni “òun” wa, a kò sì ní í kọ̀wé láìsí i mọ́.

Àwa wo nìyẹn? Nọ́ọ̀sì wà nínú wa, awakọ̀ takisí wà, olùkọ́ wà, pásítọ̀ wà, lèmọ́mù wà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ̀wé ìgboyè wà. À ń gbé láti Rogers Park títí dé South Shore, títí kan àwọn ìlú kéékèèké tó wà ní ìhà gúúsù. A kò ní orúkọ ẹgbẹ́, a kò sì dá aṣọ. Ìwé kíkọ ló pa wá pọ̀: ìwé ètò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú, lẹ́tà sílé ẹ̀kọ́ ọmọ, ìwé ẹ̀rí fún adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwé ìgbélùú, ìtàn ìdílé, nígbà mìíràn odindi ìwé. Ìlú tí a sì ń gbé ni ìlú tí wọ́n ti kọ ìwé òfin ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 1891 ni ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Chicago bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n á fọwọ́ kọ ìwé wọn, wọ́n á gbé e lọ bá àwọn tó ń to lẹ́tà, àwọn yẹn á gbìyànjú láti mọ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n kọ, wọ́n á sì gbé èyí tí wọ́n tò fún àwọn tó ń ka iṣẹ́ wò kí wọ́n lè wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé bí ẹni kan ṣe ń kọ orúkọ ìwé yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì, ni wọ́n bá kọ ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé sórí bébà. Bébà náà di ìwé pẹlẹbẹ, ìwé pẹlẹbẹ di odindi ìwé ní 1906, ojú ewé bíi 200, sẹ́ǹtì 50, pẹ̀lú sẹ́ǹtì 6 fún ìfiránṣẹ́. Òun ni ayé wá mọ̀ sí *The Chicago Manual of Style*. Ẹ̀dà rẹ̀ kejìdínlógún jáde ní 2024, ó sì ti lé ní 1,000 ojú ewé.

A sọ ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òfin yìí já bọ́ láti ọ̀run, tàbí pé àwọn tó kàwé jù lọ nìkan ló ni ín. Àwọn òṣìṣẹ́ tí yíǹkì wà lọ́wọ́ wọn ló kọ́kọ́ tò ó jọ. Kate Turabian, ọmọ South Side ìlú yìí, kò gba oyè yunifásítì kankan. Akọ̀wé ni ní yunifásítì náà láti 1930 sí 1958, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ìwé àwọn tó fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ní 1937 ó kó ìlànà tí wọ́n ní láti tẹ̀lé sínú ìwé pẹlẹbẹ kan. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pe ìlànà náà. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yìí ju ẹgbẹ́ yín lọ.

Kò sì ṣàjèjì sí ilé wa. Ẹni tó bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà á kọ́kọ́ tọrọ àyè: “Tótó ó ṣe bí òwe o.” Bó bá pa á tán, àwọn àgbà á dá a lóhùn pé, “Wàá pa òmíràn.” Gbólóhùn àkọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, ìkejì tì í. Gbogbo agbo mọ̀ pé ohun tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn baba, kì í ṣe ọgbọ́n orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Bí a bá wá dé orí ìwé Gẹ̀ẹ́sì, tí a da òwe baba wa pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ara wa láìsí àmì kankan, a ti wọlé àgbà láìkanlẹ̀kùn.

Nítorí náà, a kọ̀ láti máa kọ “an African proverb” síwájú òwe Yorùbá. Áfíríkà kì í pa òwe. Yorùbá ń pa á, Haúsá ń pa á, Ìgbò ń pa á, oníkálukú pẹ̀lú ẹnu tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé Yorùbá ló ni ín. Bó bá sì jẹ́ ẹnu ìyá yín àgbà lẹ ti gbọ́ ọ, ẹ dárúkọ ìyá yín àgbà. A kọ̀ bákan náà láti fi àmì àyọlò yí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ká. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ronú rẹ̀ lánàá, tó wá fi “as the Yoruba elders say” ṣíwájú rẹ̀ kó lè níyì, ẹ̀rí èké ni, àwọn tó ti kú ló sì fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ohun tó bá wà láàárín àmì méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí onítọ̀hún sọ, bó ṣe sọ ọ́. Bí a bá yọ díẹ̀ kúrò, àmì ìdánudúró mẹ́ta ni kó dúró sí àyè rẹ̀. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ tiwa kún un kó lè yé òǹkàwé, inú akámọ́ onígun mẹ́rin ni kó wà. Bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ni ẹni náà sọ, kí a sọ ọ́ pé àwa la túmọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, nítorí àwa tí a ti bá èèyàn kọ ìwé ẹ̀rí fún adájọ́ mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Obìnrin kan ní, “Wọ́n lé mi jáde nílé.” Ẹni tó ń bá a kọ̀wé kọ “I fled my home,” ó sì fi àmì àyọlò sí i. Lọ́jọ́ ẹjọ́, agbẹjọ́rò ìjọba bi í bóyá òun ló sọ pé òun sá kúrò nílé. Ó ní rárá, òun kò sá, wọ́n lé òun ni. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n àmì àyọlò ti jẹ́rìí ta kò ó: lójú ilé ẹjọ́, obìnrin náà ti sọ nǹkan méjì. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ní ẹnu ara rẹ̀, kí ó yọ àmì àyọlò kúrò. Ẹni tó bá fi í sí i, ó ti búra.

Orúkọ ìwé ló kàn. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwé. Ọ̀nà méjì ni ìlànà Chicago pín in sí, a sì fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ tó bá dá dúró bí agboolé, ìbáà jẹ́ odindi ìwé, ìwé ìròyìn, eré orí ìtàgé, fíìmù tàbí àwo orin, lẹ́tà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ la fi ń kọ orúkọ rẹ̀, èyí tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní ítálíìkì. Èyí tó bá jẹ́ yàrá nínú agboolé, bí orí ìwé kan, àròkọ kan nínú ìwé ìròyìn, ewì kan, orin kan, àmì àyọlò la fi yí i ká. Bíbélì àti Kùránì kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ wo iṣẹ́ ọmọ ìlú yìí kan. Ní Chicago ni wọ́n bí Lorraine Hansberry sí ní 1930. Ó kọ *A Raisin in the Sun*, eré nípa ìdílé aláwọ̀ dúdú kan ní South Side, tó dé Broadway ní 1959. Inú ewì Langston Hughes ló ti mú orúkọ eré náà, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ ewì náà síwájú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín. “Harlem” ni orúkọ ewì náà. Yàrá ni, àmì àyọlò ló gbà. Inú *Montage of a Dream Deferred*, ìwé Hughes ti 1951, ló wà. Agboolé ni, lẹ́tà rẹ̀ fì. Orúkọ eré Hansberry jẹ́ àyọlò látilẹ̀wá, síbẹ̀ kò gba àmì àyọlò mọ́, nítorí ó ti di orúkọ agboolé mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni *Things Fall Apart* ti Chinua Achebe, tí orúkọ rẹ̀ ti inú “The Second Coming” ti Yeats wá. Kódà, ẹjọ́ ilé tí bàbá Hansberry rà ní àdúgbò tí wọn ò ti fẹ́ aláwọ̀ dúdú ní ìlú yìí, èyí tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní 1940, lẹ́tà tó fì ni wọ́n fi ń kọ orúkọ rẹ̀: *Hansberry v. Lee*.

Ọmọ Yorùbá kan wà nínú eré yẹn. Asagai ni wọ́n pè é, akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà. Ó fún Beneatha, ọmọbìnrin tó ń fẹ́, lórúkọ, wọ́n sì tẹ orúkọ náà báyìí: Alaiyo. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ́kọ́ kà á sí Aláyọ̀, ẹni tó ní ayọ̀. Ṣùgbọ́n Asagai fúnra rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ nínú eré náà sí ẹni tí oúnjẹ nìkan kò tó fún, etí Yorùbá sì gbọ́ Aláìyó níbẹ̀ kedere. Láìsí àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, ayọ̀ àti àìyó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà. Kí ni kí òǹkọ̀wé ṣe? Bí a bá ń yọ ọ̀rọ̀ eré náà lò, láàárín àmì àyọlò, “Alaiyo” ni a ó kọ, nítorí bí Hansberry ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, a kò sì ní àṣẹ láti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Tí a bá ti jáde kúrò nínú àmì náà, tí a ń fi ẹnu ara wa sọ̀rọ̀, Aláìyó ni, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Gbólóhùn méjì tó tẹ̀ lé ara wọn lè kọ orúkọ kan ṣoṣo lọ́nà méjì, kí méjèèjì sì tọ́.

Orúkọ ìwé Yorùbá kò gbọdọ̀ bọ́ aṣọ kó tó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ni D. O. Fágúnwà pe ìwé tó jáde ní 1938. Ẹni tó kọ ọ́ ní Ogboju Ode ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọdẹ, fún òde, àti fún ọ̀dẹ̀. Fágúnwà kò kọ ìwé kankan nípa ògbójú ọ̀dẹ̀. *The Forest of a Thousand Daemons*, tí Wọlé Ṣóyínká tú u sí ní 1968, jẹ́ orúkọ ìtumọ̀. A ó pe orúkọ tí bàbá sọ ọmọ rẹ̀ kí a tó pe èyí tí atúmọ̀ sọ ọ́. Daemons sì ni Ṣóyínká kọ. Ó ṣàlàyé nínú ọ̀rọ̀ atúmọ̀ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí òǹkàwé má baà fojú ẹ̀mí èṣù lásán wo irúnmalẹ̀. Síbẹ̀, ìwé mélòó la ti rí tí wọ́n tún un kọ sí Demons? Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe sí *The Palm-Wine Drinkard* ti Amos Tutùọlá, ti 1952. Wọ́n á ní àṣìṣe ni Drinkard, wọ́n á sọ ọ́ di Drunkard. Orúkọ tí a bá bá lára ìwé la ó pè é.

Ọ̀rọ̀ kọ́mà kò ní í pẹ́ wa. Ní Nàìjíríà, ti ìlú Ọba ni wọ́n kọ́ wa: kọ́mà àti àmì ìdánudúró máa ń wà lẹ́yìn àmì àyọlò àfi bí wọ́n bá jẹ́ ara ọ̀rọ̀ tí a yọ. Ní Chicago, àwọn méjèèjì máa ń wà nínú, kólóònù àti sẹmikólóònù máa ń wà lóde, àmì ìbéèrè sì ń bá ẹni tó béèrè lọ. Have you read “Harlem”? Àmì náà wà lóde, torí àwa la ń béèrè, kì í ṣe ewì. She asked, “Where is my gèlè?” Ó wà nínú, torí òun ló béèrè. Ìwé tí yóò dúró síhìn-ín, ìlànà ìhín ni kó tẹ̀lé; èyí tó ń lọ sí Ìbàdàn tàbí Lọ́ńdọ̀nù, kó tẹ̀lé tọ̀hún. Kí wọ́n má ṣáà ti dà pọ̀ nínú ìwé kan.

Àmì àyọlò kan wà tí a kò fẹ́ rí mọ́ láéláé, ìyẹn àmì iyèméjì. The “king” of Ifẹ̀. Her “traditional” marriage. A Yorùbá “priest.” Òǹkọ̀wé tó kọ irú èyí kò yọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lò. Ńṣe ló fi ìka méjì gbé oyè wa sókè bí ohun tó ń rùn. Bí kò bá gbà pé ọba ni Ọọ̀ni, kí ó sọ ọ́ jáde kí a jọ jiyàn. Kí àwọn èèyàn wa tó ní ilé oúnjẹ náà jọ̀ọ́, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára pátákó wọn. Wọ́n kọ “Fresh” Àmàlà kí ó lè hàn dáadáa, ìyìn ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ará ìlú tó ń kọjá á kà á bí ẹni pé iyèméjì wà bóyá tuntun ni lóòótọ́.

Ibì kan wà tí a ti yapa sí ìwé Chicago. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí ọ̀rọ̀ èdè àjèjì tí òǹkàwé kò mọ̀ máa fì nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé tí àwa bá kọ nípa ilé wa, gèlè kì yóò fì, ẹ̀bà kì yóò fì, àṣẹ kì yóò fì. Wọn kì í ṣe àlejò nínú gbólóhùn wa. Àmì ohùn wọn tó láti fi dá wọn mọ̀.

Àmì ohùn náà ló sì gbé wa padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Nínú ètò Unicode, tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń mọ lẹ́tà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n ń so pọ̀, lẹ́tà kan, àmì ohùn kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tí kò mọ̀ wọ́n fi tẹ àmì ìbéèrè méjì síbi tí lẹ́tà kan yẹ kó wà. Láti òní lọ, kí a tó san kọ́bọ̀ fún ilé ìtẹ̀wé, a ó ní kí wọ́n tẹ ẹ̀, ẹ́, ọ̀, ọ́ àti ṣ fún wa sórí bébà kí a fojú rí i. PDF tí fọ́ǹtì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ la ó máa fi ránṣẹ́ sí wọn, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ wọn yóò tún fi fọ́ǹtì mìíràn kọ. Ẹlòmíràn ló sì gbọ́dọ̀ kà á kẹ́yìn, yàtọ̀ sí ẹni tó kọ ọ́.

Ẹni tó bá ní ìwé ìsìnkú, ìwé ìgbéyàwó, lẹ́tà ilé ẹjọ́ tàbí àròkọ ọmọ tó ń bọ̀ lọ́nà, kí ó gbé e wá sọ́dọ̀ wa bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta kó lọ sílé ìtẹ̀wé. A kì í gbowó. Ẹ mú ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà dání, bó bá ṣì wà láàyè, kí a lè bi í pé ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.